Fèrèsé Tó Ṣí Sílẹ̀ ní Tal-Ħaġra

Gbogbo fèrèsé ilé ère Tal-Ħaġra ló ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ohun tí Sájẹ́ǹtì Ursola Refalo kọ́kọ́ rí nìyẹn nígbà tó wọlé, kó tó wo àpótí gíláàsì tí Ìyá Jókòó máa ń wà nínú rẹ̀, tó ti ṣófo.

"Ta ló ṣí àwọn fèrèsé wọ̀nyí?"

"Olè náà ni, Ọ̀gá," ni Kọ́ńsítébù Salvu dáhùn. Salvu sanra, kò sì fẹ́ràn oòrùn rárá. Òógùn ti rin kọ́là rẹ̀ gbingbin. "Ibẹ̀ ló gbà sá lọ."

"Ó gba gbogbo wọn sá lọ?"

Salvu fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ọrùn rẹ̀.

Ursola bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìdérí àpótí náà wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Kò fọ́, kò sì sán. Ẹni tó gbé e síbẹ̀ ti kọ́kọ́ ká ẹní ìnusẹ̀ ẹnu ọ̀nà po, ó fi tẹ́ abẹ́ rẹ̀, bí ìgbà tí ìyá ọmọ bá ń tẹ́ ibùsùn fún ìkókó. Kọ́kọ́rọ́ kékeré ṣì wà lára àgádágodo àpótí. Ursola wo ẹní yẹn títí. Ó ti rí oríṣiríṣi olè láyé rẹ̀, àmọ́ kò tíì rí èyí tó ní sùúrù tó báyìí.

Lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, amọ̀ lásán ni Ìyá Jókòó. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ: obìnrin oníbàdí rẹpẹtẹ tó ká ẹsẹ̀ sábẹ́, tí orí rẹ̀ ti kán sọnù láti ayé tí ẹnikẹ́ni ò tíì máa kọ ìtàn sílẹ̀. Àwọn tó gbé òkúta ràgàjì ràgàjì tó wà níta nàró ló mọ ọ́n, kò sì sẹ́ni tó mọ orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n ní abúlé Żnuber, òun ni gbogbo ayé ń bá wá. Nítorí rẹ̀ ni bọ́ọ̀sì fi ń kó àwọn àlejò wá látinú ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́ tó bá gúnlẹ̀ sí èbúté Malta, tí wọ́n á wá ra oyin, tí wọ́n á mu kọfí, tí wọ́n á ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta kí wọ́n tó padà sórí omi.

Fóònù Ursola dún. Ìnspẹ́kítọ̀ Sciortino ni, láti olú ìlú.

"Mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀," ló wí, kó tó gbọ́ nǹkan kan. "Kọ́kọ́rọ́ wà lára àgádágodo, àbí? Iṣẹ́ ará ilé ni. Ọmọbìnrin amọ̀nà yẹn ló ṣí i, ẹnìkejì rẹ̀ sì gba ojú fèrèsé gbé e jáde. Mo ń bọ̀ wá mú un. Jẹ́ kó jókòó síbi tí mo ti máa rí i."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo ilẹ̀ díẹ̀, sà."

"Ọkọ̀ òkun yẹn ń lọ nírọ̀lẹ́, Refalo. Ṣé o fẹ́ kí n dá odidi ọkọ̀ dúró nítorí pé ìwọ ń wo ilẹ̀?"

Ó gé fóònù. Ursola yọ bisikíìtì oníyànmọ̀tí kan nínú àpò, ó kán an, ó fún Salvu ní ìdajì.

"Ó ní ká wo ilẹ̀ kíákíá," ló wí. "Ó yá."

*

Katrin amọ̀nà jókòó sórí òkúta lábẹ́ igi, ó di báàjì ọrùn rẹ̀ mú gírígírí bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n sì fẹ́ já a gbà lóòótọ́. Ingvild, obìnrin gíga kan láti Norway tó ń ṣètò ìrìn àjò fún àwọn èrò ọkọ̀ òkun, dúró tì í, ó na ọwọ́.

"Sájẹ́ǹtì, èmi ò bá a jà o," Ingvild wí. "Ṣùgbọ́n bí ère yẹn ò bá jáde kí ọkọ̀ wa tó kúrò ní èbúté, ẹlòmíràn ni yóò máa mú àwọn èrò wa káàkiri. Báàjì wa ò ní kan ọrùn ẹ̀ mọ́. Bí wọ́n ṣe sọ fún èmi náà nìyẹn."

"Ọkọ̀ ò tíì lọ. Ẹ fún un láyè kó mí díẹ̀."

Ingvild ṣẹ̀ṣẹ̀ kẹ́yìn sí wọn ni Katrin bú sẹ́kún.

"Àǹtí Ursola, mi ò jí i. Láti kékeré niṣẹ́ yìí ti wù mí. Bàbá mi ń ṣọ́ òkúta wọ̀nyí, bàbá bàbá mi ṣọ́ wọn, èmi lẹni àkọ́kọ́ nílé wa tí wọ́n máa sanwó fún pé kó sọ ìtàn wọn. Ṣé èmi ni màá wá jí Ìyá Jókòó?"

"Kò sẹ́ni tó ní o jí i. Nu ojú ẹ, kí o sọ bó ṣe rí fún mi."

"Mo kó àwọn èrò wọlé. Mo mú kọ́kọ́rọ́ lára ìṣó ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà, mo ṣí àpótí, mo fi ère hàn wọ́n. Mo tì í padà. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́ ibi tó wà. A jáde lọ sáàárín òkúta, bàbá mi sì wà lẹ́nu géètì. A ti rìn díẹ̀ kí àgbá tó dún."

Àgbá ọdún ló ń sọ. Ọ̀sẹ̀ ọdún San Rokku ni wọ́n wà, ẹgbẹ́ onífèrè pupa, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ méjì tó wà ní abúlé, sì máa ń yin àgbá fún ẹni mímọ́ wọn ní ojúmọmọ, gbì, gbì, títí etí ajá yóò fi di.

"Ṣé ó dún nítòsí ni?"

"Nítòsí kẹ̀? Àfi bíi pé inú etí mi ló ti dún! Mo lọgun. Ìgò omi bọ́ lọ́wọ́ mi, ó já lu ọ̀gbẹ́ni kan lẹ́sẹ̀. Gbogbo wọn fi mí rẹ́rìn-ín, ẹnì kan tiẹ̀ ya fídíò ẹ̀."

"Ìwọ tí o dàgbà sí Żnuber, àgbá wá ń dẹ́rù bà ẹ́?"

"Pápá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti máa ń yìn ín, Àǹtí. Lónìí, pápá tó wà nísàlẹ̀ ibí ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa."

Ursola fi ọ̀rọ̀ yẹn pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ọkàn.

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"A parí ìrìn wa. Awakọ̀ ti kó ẹrù wa sínú bọ́ọ̀sì. Bàbá mi lọ ti ilé ère pa, ni mo bá gbọ́ tó ké."

*

Inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n kó àwọn èrò sí, nítorí ẹ̀rọ amúlétutù. Salvu ti yẹ báàgì gbogbo wọn wò, ó ti yẹ ilé ère náà wò látòkè délẹ̀. Ẹnì kan ló kù. Ọkùnrin ará Belgium kan tó ń jẹ́ Lambrecht wọ jákẹ́ẹ̀tì nínú ooru yẹn, ó sì kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní bọ́ ọ. Ìjókòó iwájú ló wà, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì lé apẹ̀rẹ̀ kan, ó fọwọ́ di àyà.

"Ọ̀gá, ẹ wo bí jákẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ṣe wú," Salvu sọ ọ́ sí i létí. "Ó sì ti sọ fún gbogbo bọ́ọ̀sì pé nǹkan àtijọ́ lòun máa ń kó jọ nílé."

Ursola náà wo jákẹ́ẹ̀tì náà. Ó jókòó sórí apá àga tó kọjú sí ọkùnrin náà.

"Ooru ò mú yín, sà?"

"Rárá o." Òógùn ń kán tótó ní àgbọ̀n rẹ̀.

"Kí ló wà nínú jákẹ́ẹ̀tì?"

"Nǹkan tèmi ni."

"Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó."

Lambrecht wo ìyàwó rẹ̀ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wo Ursola. Ó tún wo ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ṣí jákẹ́ẹ̀tì náà díẹ̀díẹ̀, òórùn wàrà àti ata sì gba inú bọ́ọ̀sì kan. Wàràǹkàṣì ni, èyí tí àwọn obìnrin abúlé ń fi wàrà àgùntàn ṣe, tí wọ́n á fi ata bò lára. Ó kún inú jákẹ́ẹ̀tì fọ́fọ́, ó sì ti ń yọ́.

"Hubert!" ni ìyàwó rẹ̀ pariwo. "Kí ni dókítà sọ fún ẹ?"

"Mo kàn fẹ́ tọ́ ọ wò ni."

"Gbogbo ìyẹn? Agbo àgùntàn lo fẹ́ tọ́ wò ni?"

Gbogbo bọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Lambrecht débi pé etí rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, Sájẹ́ǹtì," ó ń ráhùn. "Inú ilé kékeré yẹn gbóná bí ààrò. Mo bẹ ọmọbìnrin yẹn pé kó bá mi ṣí fèrèsé, ẹyọ kan péré, kí nǹkan mi má bàa yọ́. Ó kọ̀. Ó ní eruku ò dáa fún ère."

Ursola, tó ti fẹ́ dìde, tún jókòó padà.

"Nígbà tí ẹ wà nínú ilé yẹn, gbogbo fèrèsé ló wà ní títì?"

"Gbọingbọin."

"Ta ló ya fídíò?"

Ìyá arúgbó kan láti ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì na fóònù rẹ̀ síwájú, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ursola wò ó. Katrin ń fọwọ́ júwe òkúta kan, àgbá dún gbì, Katrin fò sókè, ìgò bọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀, ní igun fídíò, ilé ère hàn kedere. Ursola tún un wò. Kí àgbá àkọ́kọ́ tó dún rárá, gbogbo fèrèsé ti ṣí.

*

Nenu, bàbá Katrin, jókòó síbi òjìji ẹnu géètì pẹ̀lú fìlà búlúù ẹgbẹ́ Santa Liena, ẹgbẹ́ onífèrè kejì abúlé, lórí. Ó tẹjú mọ́ ilẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan tó já bọ́.

"Sájẹ́ǹtì, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n mú èmi," ló wí. "Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀. Èmi ni mò ń ṣọ́ ibí."

"Kò sẹ́ni tó tíì mú ẹnikẹ́ni, Bàbá. Ta ló mọ̀ pé ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ni kọ́kọ́rọ́ máa ń wà?"

"Èmi àti Katrin."

"Ta tún ni?"

Nenu tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Kò sẹ́lòmíràn tí mò ń bá sọ̀rọ̀ tó mọ̀ ọ́n."

Bisikíìtì wà lẹ́nu Ursola. Kò jẹ ẹ́ mọ́.

"Ẹni tí ẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ kọ́ ni mo béèrè, Bàbá Nenu."

"Ohun tí mo lè sọ nìyẹn."

"Bàbá yín ló ṣọ́ ibí kó tó kàn yín. Ṣé ẹ̀yin nìkan ló bí?"

Arúgbó náà yíjú sí ọ̀nà abúlé. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí. "Ẹ lọ bi abúlé. Inú wọn á dùn láti sọ ọ́ fún yín."

Abúlé kò jìnnà. Salvu, ọmọ abúlé, dúró lẹ́yìn Ursola, ó sì ti ń hára gàgà láti sọ ọ́. Erékùṣù Gozo ni wọ́n ti bí Ursola, ọkọ ló gbé e wá sí Żnuber, àlejò ni wọ́n ṣì ń pè é. Kò sí nínú ẹgbẹ́ pupa, kò sí nínú ẹgbẹ́ búlúù, nítorí náà àwọn méjèèjì ló ń fọkàn tán an, àwọn méjèèjì ló sì ń bú u.

"Katald ni, Ọ̀gá," Salvu wí nígbà tí wọ́n rìn síwájú díẹ̀. "Katald tó ń ṣe àgbá fún àwọn pupa, ọmọ ìyá Nenu ni. Ẹ ò tíì dé ibí nígbà tí ìyá wọn kú. Nenu ní ẹgbẹ́ búlúù ni yóò fun fèrè sin ín, torí pé ọ̀dọ̀ Santa Liena ni wọ́n ti ṣèrìbọmi fún un. Katald ní pupa ni, torí pé ọdọọdún ni màmá ń sunkún níwájú San Rokku. Kò sẹ́ni tó gbà fún ẹnì kejì. Ẹgbẹ́ méjèèjì wá. Wọ́n jọ fun fèrè lẹ́ẹ̀kan náà, orin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, lẹ́yìn pósí kan ṣoṣo. Àlùfáà fọwọ́ di etí. Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo di ìlù ńlá àwa búlúù mú."

"Ìwọ náà lu tìẹ kíkankíkan?"

"Ó ya nígbà tó yá."

"Wọn ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́."

"Wọn kì í kí ara wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá."

Ursola dúró lójú ọ̀nà. "Salvu. Ta ló mọ̀ pé pápá ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti máa yin àgbá lónìí?"

Salvu họ orí. "Àwọn pupa pe àgọ́ ọlọ́pàá láàárọ̀. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ yí, pápá ìsàlẹ̀ ló fini lọ́kàn balẹ̀ jù."

"Ta ló gbé fóònù?"

"Èmi ni."

"Ta lo sọ fún?"

"Ọ̀gá, àwọn pupa ni o! Ta ló fẹ́ gbọ́ ariwo wọn?"

"Ó dáa. Àwọn pupa mọ̀, ìwọ náà mọ̀. Katrin ò mọ̀, gbogbo bọ́ọ̀sì rí bó ṣe fò sókè. Ẹni tó ṣí fèrèsé sì mọ̀ kí àgbá tó dún. Ṣé ìwọ lo gbé ère yẹn?"

"Èmi? Ọ̀gá! Èmi ò lè gba ojú fèrèsé yẹn kọjá!"

"Mo mọ̀. À bá ṣì máa fà ọ́ yọ lọ́wọ́." Ursola rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn. "Gbọ́. Tí àgbá bá fẹ́ dún nítòsí ilé yín, kí nìyàwó ẹ máa ń ṣe?"

"Ó máa ń ṣí gbogbo fèrèsé, kí gíláàsì má bàa fọ́."

"Lẹ́yìn náà?"

"Ó máa gbé ìdérí gíláàsì kúrò lórí ère Santa Liena, ó máa gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó máa wé ẹni mímọ́ ní aṣọ, ó máa gbé e pamọ́ síbi tó…" Salvu fọwọ́ gbá iwájú orí rẹ̀. Ojú rẹ̀ là. "Ọ̀gá!"

"Ẹni tó fẹ́ sá, fèrèsé kan tó o. Ẹni tó ṣí gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ gíláàsì ló wà lọ́kàn ẹ̀. Kò sí olè níbí, Salvu. Ẹnì kan ló gbé ère yẹn pamọ́ fún àgbá, ẹni tó dàgbà nínú ilé tó ti mọ ìṣó ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà yẹn. Ohun tí kò yé mi nìdí tí kò fi wá sọ̀rọ̀ látàárọ̀."

*

Ìdí yẹn hàn sí i nígbà tó dé pápá. Àsíá pupa ìkìlọ̀ wà lókè, àwọn èèyàn ò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ibẹ̀ títí wọn yóò fi rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Fóònù gbogbo àwọn tó ń yin àgbá wà nínú páànù kan lẹ́bàá ògiri òkúta, nítorí wọn kì í mú fóònù sún mọ́ ẹ̀tù. Kò sí bí ìròyìn abúlé ṣe lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ursola dúró, ó ń gé èékánná jẹ, ó ń wo ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ Sciortino yóò gbà yọ.

Àsíá sọ̀ kalẹ̀. Katald jáde wá, ó tín-ín-rín, ojú rẹ̀ dúdú fún ẹ̀tù, òwú wà ní etí rẹ̀ méjèèjì.

"Ìyá Jókòó!" Ursola pariwo sí i.

"Kí ló ṣe é?" Katald náà pariwo padà, ó ń yọ òwú. "Mo gbé e pamọ́. Ṣé wọn ò tíì rí i ni?"

Ara Ursola rọ̀ wọ̀ọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún Nenu?"

"Èmi àti Nenu kì í sọ̀rọ̀." Katald sọ ọ́ bí ẹni pé ó ń sọ orúkọ abúlé. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. "Mo dé ẹnu géètì. Mo fẹ́ sọ fún un pé ẹ̀yìn ibẹ̀ ni àgbá ti máa dún. Mo rí i tó jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú fìlà búlúù ẹ̀, ẹnu mi ò là. Mo bá gba ẹ̀yìn, mo fo ògiri. Mo ṣe é bí Màámi ṣe máa ń ṣe é gẹ́lẹ́. Fèrèsé, ìdérí, lẹ́yìn náà ẹni mímọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ aṣọ fífọ̀, lábẹ́ gbogbo aṣọ. Apẹ̀rẹ̀ kan wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Mo ní tó bá ti rí fèrèsé, ó máa mọ ibi tó yẹ kó wò. Ilé kan náà la gbé dàgbà."

"Kò sí apẹ̀rẹ̀ kankan nínú ilé yẹn, Katald."

"Ó wà níbẹ̀. Aṣọ funfun ló kún inú ẹ̀."

"Àwọn ìborùn!" Salvu ké lẹ́yìn wọn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. "Ìyàwó Nenu ló ń fọ̀ wọ́n. Àwọn obìnrin àlejò máa ń fi bo èjìká tí wọ́n bá kúrò níbí lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì. Awakọ̀ ló máa ń wá gbé e sínú bọ́ọ̀sì!"

Ursola rí i lójú ọkàn rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: ẹsẹ̀ ńlá méjì Lambrecht, tó nà lé orí apẹ̀rẹ̀.

"Wọ́n ti fi ẹ̀sùn kan Katrin," ló sọ fún Katald, ó ti ń rìn. "Ìnspẹ́kítọ̀ ń bọ̀ wá mú un."

"Katrin? Ọmọ Nenu?"

Katald kò dúró gbọ́ ìdáhùn. Ó ti fo ògiri kí ọlọ́pàá méjèèjì tó gbé ẹsẹ̀, ó ń sá lọ sórí òkè bí ọmọdé.

*

Ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì ti ń dún. Ingvild ní ebi ń pa àwọn èrò, kí awakọ̀ máa kó wọn padà lọ sí èbúté, wọn ò lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ursola fi ọwọ́ gbá ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì gbàgbàgbà títí ó fi ṣí.

"Ọ̀gbẹ́ni Lambrecht, ẹ bá mi gbé ẹsẹ̀ yín sókè. Díẹ̀díẹ̀. Ẹ má tẹ apẹ̀rẹ̀ yẹn."

"Mo ti fún yín ní gbogbo wàràǹkàṣì mi!"

"Hubert, gbé ẹsẹ̀ ẹ sókè," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Ó gbé méjèèjì sókè, ó sì gbé wọn dúró bẹ́ẹ̀. Ursola ń kó ìborùn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé wọn lé itan ìyàwó Lambrecht. Gbogbo bọ́ọ̀sì na ọrùn wò ó. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ọwọ́ rẹ̀ kan aṣọ mìíràn, aṣọ ọrùn pupa tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ San Rokku máa ń dì. Ó gbé e sókè, ó ṣí aṣọ náà díẹ̀ lójú. Ìyá Jókòó jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú bàdí rẹpẹtẹ rẹ̀, nǹkan kan ò ṣe é.

Àtẹ́wọ́ sọ. Katrin, tó wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì, jókòó bá ilẹ̀, ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ingvild wò ó títí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tún báàjì ọrùn rẹ̀ ṣe fún un kó lè kọjú síwájú.

"Ṣọ́ọ̀ṣì ló kàn, àbí?" ló wí. "Àwọn èrò ẹ ń dúró."

Ìgbà yẹn ni Nenu dé láti ẹnu géètì. Ó rí ère. Ó rí aṣọ ọrùn pupa. Ó gbé ojú sókè, ó rí àbúrò rẹ̀ tó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀tù lójú, tó ń mí gúlegúle. Inú Ursola ṣì dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù díẹ̀ bà á nísinsìnyí, ẹ̀rù pé arúgbó náà lè yí padà kó sì máa lọ.

Nenu gba ère lọ́wọ́ Ursola. Ó wo bí wọ́n ṣe wé e.

"O fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀," ló wí. Ilẹ̀ ló ń wò. "Ẹ̀gbẹ́ ni Màámi máa ń fi lélẹ̀."

Katald nu ẹ̀tù lójú. "Imú San Rokku ni kò fẹ́ kó kán. Èyí ò tiẹ̀ lórí."

"Ẹ̀gbẹ́ náà ni."

"Ó dáa, ẹ̀gbẹ́ ni."

Salvu fẹ́ rẹ́rìn-ín, Ursola tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ Sciortino fi máa dé, bọ́ọ̀sì ti lọ, fèrèsé ti tì, Ìyá Jókòó sì ti padà sínú àpótí. Ìnspẹ́kítọ̀ gbọ́ gbogbo àlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ń fi ìka gbá orí àpótí.

"Nítorí náà kò sẹ́ni tí mo máa mú."

"Kò sí, sà. Ẹ lè mú wàràǹkàṣì tẹ́ ẹ bá fẹ́, ọkùnrin kan fi sílẹ̀ fún wa."

Ó mú un. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó rántí iṣẹ́ rẹ̀, ó sì yíjú sí Nenu.

"Bàbá, ẹ wá ibòmíràn fi kọ́kọ́rọ́ yẹn sí. Ibi tí èèyàn ò mọ̀."

"Mo gbọ́, sà."

Nenu dúró títí ìró ọkọ̀ fi lọ. Katald ṣì wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń fi bàtà tún ẹní ìnusẹ̀ ṣe sí ipò rẹ̀, bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá kí òun máa lọ tàbí kí òun jókòó. Nenu gbé kàlẹ́ńdà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbé kọ́kọ́rọ́ padà kọ́ orí ìṣó kan náà.

"Bàbá Nenu," Ursola wí, "ẹ gbọ́ ohun tí Ìnspẹ́kítọ̀ sọ."

"Mo gbọ́ ọ." Ó tẹ́ kàlẹ́ńdà náà padà lé e lórí. "Ṣùgbọ́n ibí ni gbogbo ará ilé wa mọ̀ ọ́n sí."